Orí Fífọ́ Tí Ó Dé Lójijì

Ẹ̀yin ìyàwó ilé ẹlẹgbẹ́ mi, ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ni mo fi ń kọ́ni, síbẹ̀ èmi náà ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àbúrò mi obìnrin tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí lórí tẹlifóònù ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó ń ro ọkà lọ́wọ́ ni orí kọlù ú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n la ọmọ odó mọ́ ọn ní ìpàkọ́. Mo ní, "Àárẹ̀ ni. Lo oògùn orí fífọ́, kí o sì sùn." Nítorí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n, ó gbọ́ràn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọrùn rẹ̀ ti le gan-an, ó ń bì, ìpéǹpéjú rẹ̀ kan sì ti wálẹ̀ bo ojú. Ọkọ rẹ̀ ni ó sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀jẹ̀ ti da sínú orí rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ni ó ń gba inú egungun ọrùn gòkè láti ẹ̀yìn; wọ́n a pàdé nísàlẹ̀ ọpọlọ, wọ́n a di ọ̀kan, kí ọ̀kan náà tó tún pínyà lókè. Ní oríta yìí ni ara iṣan náà ti fẹ́lẹ́, tí ó sì wú bí tíúbù kẹ̀kẹ́ tí ó ti gbó. Aneurysm ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn iṣan tín-ín-rín tí ó yí ibẹ̀ ká ni ó ń bọ́ apá ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí á sùn lọ títí láé. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì bà wọ́n jẹ́, aláìsàn lè má jí mọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń bẹ̀rù ibẹ̀. Charles Drake, ní Lọ́ńdọ̀nù mìíràn, ti Kánádà, ni ó fi sùúrù la ọ̀nà. Ní 1961 ó kọ ìròyìn nípa aláìsàn mẹ́rin. Ìwé tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé jáde ní 1996 dá lórí 1,767. Kílíìpù kékeré ni wọ́n fi ń dí ọrùn ibi tí ó wú, bí èyí tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn.

Wọn kò la agbárí àbúrò mi. Ọ̀nà tí Guglielmi kọ́kọ́ lò ní Los Angeles ní 1990 ni wọ́n gbà: wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín bọ inú iṣan láti òkè itan títí dé orí, wọ́n sì fi wáyà pilátínọ́ọ̀mù rírọ̀ dí àpò náà. Wáyà lè fún pọ̀ kí àpò tún là, nítorí náà ó ń padà lọ ya àwòrán orí.

Ó yè. Ojú kan ni ó ń dì kí ó tó fi òwú bọ abẹ́rẹ́, nítorí nǹkan ṣì ń di méjì lójú rẹ̀. Kò bú mi rí. Nísinsìnyí, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé orí ń fọ́ òun, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi í ni pé, "Ṣé díẹ̀díẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀, tàbí lójijì?"