Èmi àti Àbúrò Mi Dé Etíkun Àgbádárìgì

Ẹni tó bá ń gbé Òjó, Ìbà tàbí Òkokomáíkò bíi tèmi, tí kò dé Àgbádárìgì rí, ó yẹ kí ojú ti í. Ojú ti èmi náà títí di Sátidé tó kọjá. Títì kan náà tó gba iwájú àdúgbò wa ló dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà Alábà nìkan la mọ̀ ọ́n lọ.

Kì í ṣe fàájì ló gbé mi lọ o. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ló ní òun fẹ́ gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, kí òun ti ibẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ítálì. Ó ti fún ẹnì kan lówó. Ìyá wa kò rí oorun sùn mọ́. Mo ní, “Ó dáa, kó o tó lọ, sìn mí dé Àgbádárìgì.”

A wọ dáńfó ní Ìyànà-Ìbà. A kọjá Òkokomáíkò, níbi tí a ti ń retí ọkọ̀ ojú irin. Èyí tó ń lọ láti Màrínà sí Máìlì Tú ti ń gbé èrò láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Àwa ṣì ń wọ̀nà fún tiwa. A gba Ìjànìkín àti Àgbárá kọjá, ọkọ̀ ń bọ́ sí kòtò, ó ń jáde, títí a fi débẹ̀.

A rí ibi tí igi Àgíà wà, níbi tí Thomas Birch Freeman ti wàásù ìhìnrere ní 1842. Igi náà wó ní 1959. Òpó ìrántí ló kù níbẹ̀. A rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní 1845, èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àjàyí Crowther tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá gbé ibẹ̀ rí. Wọ́n ta òun náà lẹ́rú ní 1821, kí ọkọ̀ ogun òyìnbó tó gbà á sílẹ̀.

Ilé tí Sẹ̀ríkí Williams Abass ń kó ẹrú sí ló pa wá lẹ́nu mọ́. Yàrá kótópó, fèrèsé bíńtín! Wọ́n ní ogójì èèyàn ló ń wà nínú yàrá kan. Ẹ wá gbọ́ o: wọ́n ta Abass fúnra rẹ̀ lẹ́rú ní kékeré, wọ́n gbé e dé Bùràsíìlì. Nígbà tó padà dé, òun náà ń ta èèyàn. Ó kú ní 1919. Ẹ ò rí ayé!

A wọ ọkọ̀ ojú omi, a dá ọ̀sà kọjá sí Gberefu. Ẹsẹ̀ la fi rìn dé etí òkun, iyanrìn ń jó wa lẹ́sẹ̀. Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń mú wa kiri ní wọ́n máa ń fún ẹrú lómi rẹ̀ mu, kó lè gbàgbé ilé. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bọ̀dá mi, èmi ò ní gbàgbé yín o.”

Nígbà tí a dé etí òkun, ẹ̀rín kú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó wọn wọkọ̀: àlọ nìkan là ń rí, a kì í rí àbọ̀. Mo bi í pé, “Àwọn tó gba ibí lọ, ṣé wọ́n sanwó ọkọ̀?”

Ó ní, “Rárá o, túláàsì ni.”

Mo ní, “Ìwọ wá fowó ara rẹ san án. Ṣebí gbogbo ayé rí i ní fídíò ní 2017 bí wọ́n ṣe ń lu àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní gbàǹjo ní Líbíà?”

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sórí iyanrìn, ó ń wo omi. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. “Bọ̀dá mi, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń wáṣẹ́. Kí ni kí n máa ṣe l'Ókokomáíkò?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí èsì fún un. Òótọ́ ló sọ.

Kò tíì sọ fún wa pé òun ò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó béèrè lọ́wọ́ mi ẹni tó lè kọ́ òun níṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe l'Álábà. Ìyá wa sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ má wulẹ̀ bú u. Ẹ mú un dé etíkun yẹn, kí ẹ sì bá a wá iṣẹ́. Ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ jẹ́ ká gbọ́ èrò tiyín.