Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́, ṣé kí n gbé wọn lọ sí kóòtù?

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wo ló kù láàárín èmi àti ilé ìtajà ńlá kan n'Ìkẹjà, tí wọ́n ti sọ fáwọn síkiọ́rítì ẹnu géètì pé kí wọ́n má jẹ́ kí n wọlé mọ́? Mi ò ní í dárúkọ wọn, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá mi gbọ́.

Mílíìkì alágolo mẹ́fà ni mo rà níbẹ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ìdí agolo ti kọjá. Lọ́jọ́ kejì, mo kó o padà lọ tòun ti rìsíìtì, mo ní kí wọ́n dá owó mi padà. Ni máníjà bá figbe ta lójú gbogbo àwọn tó tò láti sanwó: "Olè lobìnrin yìí! Ó lọ rà á níbòmíì, ó fẹ́ fi lù wá ní jìbìtì. Mi ò gbọdọ̀ rí i níbí mọ́ láéláé!"

Ọkọ mi ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àbúrò mi ní kí n pè wọ́n lẹ́jọ́, pé kò sẹ́ni tó lè lé ọmọ Nàìjíríà kúrò níbi tó bá wù ú. Lèmi náà bá gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ.

Lọ́yà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀ka 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò fẹ́ kí wọ́n tìtorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí pé èèyàn jẹ́ obìnrin rẹ́ ẹ jẹ, àmọ́ òfin àti ìṣe ìjọba ló ń bá wí. Ṣọ́ọ̀bù lónílé. Bó bá ní kí n má wá mọ́, tí mo fi agídí wọlé, èmi gan-an ló máa pè lẹ́jọ́.

Ó ní nǹkan méjì ló kù tí mo lè jà fún. Àkọ́kọ́ lowó mi. Òfin ọdún 2018 tó gbé àjọ FCCPC kalẹ̀ láti máa gbèjà oníbàárà sọ pé ọjà tó dáa, tí kò léwu, ló tọ́ sí wa. Láti ọdún 2018 náà ni kóòtù gbèsè kéékèèké ti wà l'Ékòó, tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Ẹ ẹ̀ rí i pé ó yẹ ká máa tọ́jú rìsíìtì?

Èkejì lorúkọ mi. Bí èèyàn bá pe ẹnì kan lólè lójú àwọn ẹlòmíì, tí kì í ṣòótọ́, ìbanilórúkọjẹ́ ni. Kò dìgbà tí mo bá fi hàn pé mo pàdánù kọ́bọ̀ kan kí kóòtù tó gbọ́ ọ. Àmọ́ ilé-ẹjọ́ gíga nìyẹn, owó lọ́yà ń bẹ ńbẹ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, ẹlẹ́rìí sì gbọ́dọ̀ wà. Mo dúpẹ́ pé obìnrin tó tò sẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà ti fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀.

Mo ti rò ó délẹ̀. Ilẹ̀kùn wọn, kí wọ́n máa tì í, mílíìkì ò tíì tán l'Ékòó. Mo ti kọ̀wé sí FCCPC nítorí owó. Lọ́yà sì ti kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi lákọsílẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ká pàdé ní kóòtù. Ẹni tó ní kí n má wọlé òun, ilé ẹ̀ ni. Ẹni tó pè mí lólè, orúkọ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ló fọwọ́ bà, ìyẹn kì í ṣe tiẹ̀.