Òfin Eré Ọkọ̀ Kò Ré Ẹnubodè Kọjá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin fi mọ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàrin ìlú, 100 sì ni lójú ọ̀nà márosẹ̀. Awakọ̀ tó gbéra ní Etíòrò-Àkókó, tó gba Ọ̀wọ̀ àti Èkó dé Sẹ̀mẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé òfin yìí wọ ilẹ̀ Benin. Lóòótọ́, wọ́n ń sọ Yorùbá ní Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Kí ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972 tó dé, apá òsì ni ọkọ̀ ń tọ̀ ní Nàìjíríà, apá ọ̀tún ni ní Dahomey tó di Benin. Ìgbàgbé díẹ̀ lè gbẹ̀mí èèyàn. Apá ti dọ́gba báyìí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin eré tirẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tó bá ré ẹnubodè kọjá ní láti ka pátákó ojú ọ̀nà kí ó tó tẹná.