Òdòdó tó ń fẹ́ òǹgbẹ

Ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé, bougainvillea tó gun ògiri ilé wa n'Íbàdàn sì ti pupa fòò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó rẹwà! Lọ́dún tí mo gbìn ín, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bomi rin ín, ewé lásán ló ń yọ. Ìyá kan tó ń ta òdòdó ló ní, "Ẹ jẹ́ kí òǹgbẹ gbẹ ẹ́ díẹ̀." Mo fi í sílẹ̀, àfi bó ṣe tanná.

Àwọ̀ tí à ń rí yẹn, ewé ni o. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún, ẹ ó rí òdòdó rẹ̀ gan-an láàárín: funfun, tín-ín-rín.

Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní 1767, Philibert Commerson, ará Faransé, já a ní Rio de Janeiro, ó fi orúkọ ọ̀gá ìrìn àjò wọn, Bougainville, pè é. Jeanne Baret ń bá a ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun wọn, ó múra bí ọkùnrin torí wọn kì í gba obìnrin nígbà náà. Òun ni mo máa ń rántí nígbàkigbà tí mo bá mú àlùmọ́gàjí lọ sídìí ògiri.