Èyí Tí Kì Í Já

Différentiel, ẹ̀rọ tó ń gé iná bí iná bá ń jò, èyí tí kì í já nínú wọn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù ní ilé oníbàárà. Èyí tó ń já lójoojúmọ́, tí gbogbo ará ilé ń ṣépè fún, mo mọ̀ pé ó ṣì ń ríran. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wà lára ògiri látìgbà tí wọ́n ti kọ́lé, tí kò já rí, tí baálé ilé ń fi yangàn pé ojúlówó ni, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe ní Ladjifarani, níbí ní Parakou, ní ilẹ̀ Benin, ojú mi sì ti rí nǹkan kí n tó lè sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Disjoncteur kékeré, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní bírékà, wáyà ló ń dáàbò bò. Èyí tí wọ́n kọ 16 sí lára kò ní já àfi bí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá bá ju ámpíà 16 lọ. Ẹni tí iná ilé gbé kì í sì gbà tó ámpíà 1 lára kó tó kú. Nǹkan bíi mílíámpíà 10 ti tó láti di iṣan ọwọ́ pa, kí onítọ̀hún má lè ju ohun tó dì mú sílẹ̀. Bó bá ti ju 30 lọ, ó ti ń wá èémí àti ọkàn. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò différentiel. Ó ń wo iná tó gba wáyà phase wọlé, ó ń wo èyí tó gba wáyà neutre padà. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ó mọ̀ pé ìyókù ti gba ibòmíràn wọlẹ̀, bóyá ara ọmọ ẹni. Èyí tí wọ́n kọ 30 mA sí gbọ́dọ̀ já láàárín ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ yìí ti ṣe é: Henri Rubin, ní South Africa, nítorí àwọn tó ń wa wúrà lábẹ́ ilẹ̀, ní ọdún 1955.

Ìyá kan ń ta ẹja dídì ní àdúgbò wa, nínú ọgbà tí ayálégbé pọ̀ sí. Différentiel kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wọn. Láàárọ̀ kùtù ni yóò já, ẹja á yọ́, ariwo á sọ: ta ló tan áyọ́ọ̀nù, ta ló gbé omi kaná? Wọ́n pe oníná kan kí wọ́n tó pè mí. Iná kò lọ mọ́ láti ọjọ́ yẹn, gbogbo wọn sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n fọ ilẹ̀ ọgbà, ọmọ kan nínú ilé lọ di ọwọ́ ilẹ̀kùn firísà mú, kò sì lè jù ú sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fa wáyà firísà yọ lára ògiri. Ọlọ́run yọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí mo ṣí àpótí iná, eruku pupa ti bo gbogbo rẹ̀, ẹyin ọmọńlé wà ní igun. Àwọn wáyà yòókù ti ṣú lẹ́nu, àfi méjì kúkurú tí bàbà wọn ń dán. Wọ́n ti òkè différentiel wá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan fún phase, ọ̀kan fún neutre. Wọ́n ti fo ẹ̀rọ náà kọjá. Ì báà já, ì báà má já, iná kò ní lọ.

Ìyá náà ní, “Ọmọ mi, ẹ̀rọ yẹn ló fẹ́ ba ọjà mi jẹ́. Ṣe bá a ṣe wà yẹn kò dára ni?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ̀rọ yẹn ló ń pariwo fún yín.”

Mo yọ wáyà kúkurú méjèèjì yẹn. Mo tú wáyà ilé kúrò nísàlẹ̀ différentiel, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè: ó dúró. Mo tẹ T, bọ́tìnì tí a fi ń dán an wò, ó já lẹ́ẹ̀kan náà. Ara rẹ̀ le nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ó já láìsí wáyà kankan nísàlẹ̀, tàbí tí T kò ràn án, òun fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́, ká pààrọ̀ rẹ̀. Mo dá wáyà padà, mo sọ gbogbo disjoncteur kékeré kalẹ̀, mo wá ń gbé wọn sókè níkọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe gbé ti firísà, différentiel já. Omi ẹja, tó ní iyọ̀, ti wọ ibi tí wọ́n ti so wáyà compresseur.

Kì í rọrùn báyẹn nígbà gbogbo. Mo ti dé ilé tí gbogbo kékeré ti wà nílẹ̀, tí différentiel ṣì ń já, tí onílé sì ti ra òmíràn lásán. Phase nìkan ni disjoncteur ilé náà ń gé. Neutre kan sì ti fara kan wáyà ilẹ̀ nínú ògiri balùwẹ̀. Àfi kéèyàn tú neutre lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó pẹ́ kí n tó mọ̀ ni pé T kò mọ ohunkóhun nípa ilẹ̀. Inú ẹ̀rọ náà ni bọ́tìnì yẹn ti ń dán ara rẹ̀ wò. Ó lè já dáadáa kí ọ̀pá bàbà tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ti já kúrò lára wáyà rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dára, différentiel á já kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan firísà tó ń gbé èèyàn. Bí kò bá sí ilẹ̀, ara èèyàn ni yóò ṣe wáyà ilẹ̀ fún un. Ní Parakou, òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Ilẹ̀ pupa wa á gbẹ, ọ̀pá tó ṣe dáadáa nígbà òjò á di aláìlágbára nígbà ọyẹ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ń wọ̀n ọ́n báyìí. Disjoncteur ìdí míta tó jẹ́ 500 mA kò ṣeé gbára lé bí ọ̀pá náà bá ti ju ohm 100 lọ. 30 mA ṣì lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ tó bá ju ohm 1,000 lọ. Ìdí rèé tí n kò fi ń gbà fún ẹni tó bá ní ti ìdí míta ti tó òun.

Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ différentiel, mo ń pa iná láti ìdí míta. Ohun tó wà lókè ibẹ̀, tí wọ́n fi òjé dì, ti SBEE, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná, ni, n kò fọwọ́ kàn án. Mo ń kọ́kọ́ dán tẹ́sítà wò níbi tí iná wà, kí n tó fi wo ibi tí mo ti pa á, kí n sì tún dán an wò lẹ́yìn náà, torí tẹ́sítà tó ti kú kì í tan iná fún ẹnikẹ́ni. Tí mo bá ń ra différentiel, mo ń ní kí ọlọ́jà so ó mọ́ iná kí n tẹ T lójú rẹ̀. Mo ti tú ayédèrú tí kò ní kọ́ìlì tó ń ka iná nínú rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò lásán ni. Fún ilé tó ní climatiseur inverter tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun, différentiel type A ni mo ń béèrè, torí iná tó ń jò lára irú wọn lè ṣókùnkùn sí type AC.

Ní ti ọgbà ìyá ẹlẹ́ja, différentiel kan fún odidi ọgbà ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ìjà yẹn ló sì mú wọn gbà kí wọ́n fò ó kọjá. Mo sọ fún onílé pé kí iyàrá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ó ní owó ayálégbé ni, àwọn ayálégbé ní ilé kì í ṣe tàwọn. A jókòó lé e lórí títí ilẹ̀ fi ṣú. Onílé ra méjì, ọ̀kan fún ìyá ẹlẹ́ja, ọ̀kan fún ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti ń fọṣọ. Ó ní kí n ní sùúrù fún òun lórí ìyókù, mo sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá níbẹ̀.