Ẹ̀kọ́ Tí Mo Yàn àti Ohun Tí Àwọn Ènìyàn Wí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé bá gba ọ̀nà tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò yàn fún un, ńṣe ni wọn yóò máa wò ó bí ẹni tó ṣìnà. Ohun tí ojú èmi náà rí nìyí nígbà tí mo yan ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ọmọ Ẹ̀rúnmu ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, àgbẹ̀ sì ni bàbá tó bí i lọ́mọ. Kòkó, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Nígbà tí mo yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, gbogbo agboolé ti gbà pé dókítà ni n ó dà. Bàbá mi tilẹ̀ ti ń sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gba fọ́ọ̀mù JAMB, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kọ sí i. Kì í ṣe pé máàkì mi kò tó. Láti kékeré ni mo ti ń rí i pé nínú oko kan náà, ewé ẹ̀gẹ́ kan yóò ká kò, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì máa dán. Mo bi bàbá mi ní ìdí rẹ̀, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe é. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní ọjọ́ tí ìwé ìgbàwọlé mi dé, àbúrò bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Ṣé ọkọ́ tó wà lẹ́yìn ilé yìí ni o fẹ́ fi ọdún márùn-ún kọ́ bí wọ́n ti ń dì í mú?” Àwọn ìyá tó ń yan gàrí kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn, àánú mi ló ṣe wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn na àtẹ́lẹwọ́ sí mi, ó le bí èèpo igi. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, wo ọwọ́ yìí. Kí tìrẹ má baà rí báyìí la ṣe rán ọ lọ sílé ìwé.” Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé àdúgbò fi sọ mí ní “Àgbẹ̀ Yunifásítì.” Bàbá mi kò sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ wọn dùn mí ju ẹ̀rín gbogbo àwọn tó kù lọ.

Nígbà tí mo dé yunifásítì, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀. Àwọn kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ òfin sọ pé ẹni tí máàkì rẹ̀ kò gbé e dé ibi tó fẹ́ ni wọ́n ń dà sọ́dọ̀ wa. Kí n má purọ́, òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: àwọn kan nínú ẹgbẹ́ mi kò yàn án fúnra wọn. Èyí ló mú kí ó ṣòro fún mi láti fèsì.

Kí ni mo wá ṣe? Irọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa. Bí mo bá wọ ọkọ̀ ní Ìwó Róòdù, tí ẹnìkan bi mí léèrè ohun tí mo ń kọ́, n ó ní, “Sáyẹ́ǹsì ni.” Mo máa ń di bàtà oko mi sínú ọ̀rá dúdú kí n tó wọ̀lú. Ní ọjọ́ kan, mo pa irọ́ náà fún àlejò kan lójú bàbá mi. Wọ́n dúró títí àlejò fi lọ. Wọ́n wá ní, “Ṣé iṣẹ́ tí mo fi rán ọ lọ sílé ìwé ló wá ń tì ọ́ lójú?” N kò lè dáhùn. Wọ́n tún ní, “Nítorí ìyà tó fi jẹ mí ni n kò ṣe fẹ́ kí o ṣe é. Kò tì mí lójú rí.”

Ọ̀rọ̀ yìí là mí lójú. Mo rí i pé ìyà oko ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá wí, kì í ṣe èmi. Mo rí i pẹ̀lú pé n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn ohun tí a ń kọ́ gan-an. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó ti bàbá mi, mo sì sọ ìtàn kòkòrò funfun inú ẹ̀gẹ́ fún wọn.

Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò náà ti wọ Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kò sì pẹ́ tí ó fi dé Nàìjíríà. Ó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́, ọ̀mùnú rẹ̀ yóò sì ká kò. Àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ronú pé níbi tí kòkòrò náà ti wá, ohun kan gbọ́dọ̀ wà tó ń pa á jẹ. Wọ́n wá ohun náà títí wọ́n fi rí agbọ́n tíntìntín kan ní orílẹ̀-èdè Paraguay. Ní 1981, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Agbọ́n náà a máa yé ẹyin sínú kòkòrò funfun, ọmọ rẹ̀ a sì jẹ ẹ́ láti inú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ ṣe bọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àgbẹ̀ kankan kò sì san kọ́bọ̀. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ṣáájú iṣẹ́ náà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995.

Bàbá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, “Mo rántí. Ó funfun bí ẹni pé wọ́n da èlùbọ́ sí i. Nígbà tí a kò rí i mọ́, a rò pé òjò ló fọ̀ ọ́ lọ.” Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi ilẹ̀ díẹ̀ hàn mí lẹ́yìn odò, wọ́n ní kí n gbin tèmi.

Mo ṣa igi ẹ̀gẹ́ lára èyí tí ewé rẹ̀ kò ní àbàwọ́n, mo sì fi mítà kan jìnnà síra lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí ó tó wú, àwọn ìyá tó ń yan gàrí ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ igi rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo láti inú ọ̀mùnú, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà ní 2016, dé oko àbúrò bàbá mi. Wọ́n wá kan ilẹ̀kùn mi ní ìdájí pẹ̀lú ewé tó ti lu jára lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Àgbẹ̀ Yunifásítì, kí ló ń ṣe èyí?” Orúkọ náà kò yí padà, ohùn tí wọ́n fi pè é ló yí padà. Mo sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ fún wọn, mo sì ní n ó bi olùkọ́ mi ní èyí tó kù.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá yan ẹ̀kọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ sí, ẹ má ṣe bá wọn jà, ẹ má sì purọ́ nítorí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fetí sílẹ̀, bóyá ọgbẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹ ṣàlàyé fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, ẹ jẹ́ kó máa wí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun náà yóò mú ewé tirẹ̀ wá.