Ta Ló Ni Pápá Ilé-ìwé?

*Ní Ìkòyí, ìjọba ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì. Òun ló ń darí eré ìdárayá ní ilé-ìwé girama kan ládùúgbò náà tẹ́lẹ̀. Ará Houston gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀ kó tó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.*

ARÁ HOUSTON: Ẹ kú ilé o, Tíṣà wa. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

TÍṢÀ: Káàbọ̀, àbúrò mi. O kú ewu ọ̀nà. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

ARÁ HOUSTON: Wọ́n wà dáadáa, wọ́n ní kí n kí yín. Tíṣà, ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn láti àná. Mo lọ wo bọ́ọ̀lù tí ilé-ìwé wa bá àwọn ará Àpòmù gbá. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí a jọ máa ń dúró sẹ́yìn gólí, tí wọ́n máa ń pariwo títí ohùn wọn á fi há, ọ̀kan wà ní etí pápá níhìn-ín, èkejì wà lọ́hùn-ún. Nígbà tí àwọn ọmọ wa gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, kálukú fò sókè níbi tó wà, wọn ò bojú wo ara wọn. Kí ló dé?

TÍṢÀ: Òṣèlú ni. Ṣùgbọ́n orí orúkọ ilé-ìwé àti aṣọ ilé-ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀, o ò sì sí nílé. Nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá di gómìnà ní oṣù Kọkànlá 2010, kò pẹ́ tó fi pe àpérò lórí ẹ̀kọ́, ní oṣù Kejì 2011. Wọlé Ṣóyínká ló ṣe alága rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún ilé-ìwé pín: ọdún mẹ́rin ní élímẹ́ńtárì, márùn-ún ní mídù, mẹ́ta ní háì. Wọ́n da ilé-ìwé pọ̀ mọ́ ara wọn, ọkùnrin wọ ilé-ìwé tó jẹ́ ti obìnrin nìkan, pátákó ẹnu ọ̀nà gba orúkọ tuntun. Aṣọ kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ ilé-ìwé ìjọba sì ń wọ̀, ìbáà jẹ́ ní Ìwó, ìbáà jẹ́ ní Iléṣà.

ARÁ HOUSTON: Mo gbọ́ nípa aṣọ yẹn lọ́hùn-ún, inú sì bí mi gidigidi. Nígbà tiwa, bí mo bá rí ọmọ tó wọ aṣọ wa ní gáréèjì Ìkirè, mo mọ̀ pé ẹni mi ni, ì báà jẹ́ pé n kò mọ orúkọ rẹ̀.

TÍṢÀ: Inú bí ọ torí o rántí ìgbà èwe rẹ. Èmi ń dúró níwájú kíláàsì láràárọ̀. Mo rí ohun tó dára nínú rẹ̀: ọmọ tí ìyá rẹ̀ kó kúrò ní Gbọ̀ngán wá sí Ìkòyí kò tún ní láti wá owó aṣọ mìíràn. Mo sì rí ohun tó bàjẹ́, èyí tí àwọn tó ń jà lórí aṣọ kì í sọ. Bí o bá da ilé-ìwé méjì tó máa ń bá ara wọn díje pọ̀, ta ni wọ́n á wá bá gbá? Ọmọ méjìlélógún ló máa ń wọ pápá lọ́jọ́ ìdíje náà, mọ́kànlá ní apá ibí, mọ́kànlá ní apá ọ̀hún. Wọ́n di ilé-ìwé kan, ọmọ mọ́kànlá ló kù. Àwọn mọ́kànlá yòókù bọ́ bàtà, wọ́n di òǹwòran. Mo mọ èyí tó kúrò nílé-ìwé pátápátá nínú wọn, torí bọ́ọ̀lù nìkan ló ń mú un wá.

ARÁ HOUSTON: Ẹ ò sọ ìyẹn fún wọn?

TÍṢÀ: Ta ló bi mí? Nígbà yẹn híjáàbù ni gbogbo ayé ń sọ. Ní 2014, ní Baptist High School, Adeeke, ní Ìwó, àwọn ọmọ wọ aṣọ akọrin ìjọ wá sí kíláàsì, àwọn mìíràn wọ híjáàbù. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2016, Adájọ́ Jídé Fálọlá dá ẹjọ́ pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba, aṣọ akọrin sì tún jáde. Àwọn àgbà ló rán ọmọ níṣẹ́ yẹn. Ọmọ tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kò jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ fi aṣọ bá a jà.

ARÁ HOUSTON: Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá gbogbo rẹ̀ padà.

TÍṢÀ: Ní 2020. Gbóyèga Oyètọ́lá ló dá a padà, ẹni tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì Arẹ́gbẹ́ṣọlá kó tó di gómìnà. Orúkọ àtijọ́, aṣọ àtijọ́, ilé-ìwé obìnrin nìkan, ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, gbogbo rẹ̀ padà. Kí a tó mọ èyí tó kàn, kòrónà ti ilé-ìwé pa. Nígbà náà ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa pín. Bí o bá ní orúkọ àtijọ́ wù ọ́, wọ́n á ní ọmọ Oyètọ́lá ni ọ́. Bí o bá ní aṣọ kan náà ran tálákà lọ́wọ́, ọmọ Arẹ́gbẹ́ nìyẹn. Àwọn ọ̀gá méjèèjì sì ti di ọ̀tá. Nígbà tí ìdìbò ọjọ́ 16 oṣù Keje 2022 dé, tí Adémọ́lá Adélékè fi ìbò 403,371 borí Oyètọ́lá tó ní 375,027, àwọn kan yọ̀ lórí pápá ilé-ìwé wa bí ẹni pé ikọ̀ wa ló gba ife. Ọjọ́ yẹn ni àwọn méjì tí o rí lánàá ti bára wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

ARÁ HOUSTON: Ohun tí mo sá fún nìyẹn tí mo tún bá lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Yunifásítì Texas, tó wà ní Austin, ní orin kan tí wọ́n ń pè ní The Eyes of Texas. Bí ìdíje bá parí, àwọn agbábọ́ọ̀lù á dúró níwájú èrò, wọ́n á jọ kọ ọ́. Ní 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ ní gbangba, níbi eré tí àwọn òyìnbó ti kun ojú dúdú láti fi àwọn ènìyàn wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́pàá pa George Floyd ní oṣù Karùn-ún 2020. Third Ward ni Floyd dàgbà sí ní Houston, ibẹ̀ ni Yunifásítì Houston wà, òun náà sì gbá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé ládùúgbò náà. Lóṣù Kẹfà, àwọn agbábọ́ọ̀lù Texas kọ lẹ́tà: ẹ bá wa pa orin yìí tì.

TÍṢÀ: Àwọn ọmọ fúnra wọn ló kọ ọ́?

ARÁ HOUSTON: Àwọn fúnra wọn. Lóṣù Kẹwàá, Oklahoma na Texas 53 sí 45 nínú bọ́ọ̀lù ìlànà Amẹ́ríkà. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ti kúrò lórí pápá. Àwòrán adarí ikọ̀, Sam Ehlinger, tó dúró bí ẹni tó dá wà, tàn káàkiri ayé. Àwọn olówó tó máa ń fi owó ran yunifásítì lọ́wọ́ wá ń kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà: bí orin yẹn bá kúrò, owó wa náà kúrò. Lóṣù Kẹta 2021, ìgbìmọ̀ tí yunifásítì gbé kalẹ̀ sọ pé àwọn kò rí i pé ìkórìíra aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi ṣẹ̀dá orin náà. Orin dúró. Mo ní ọ̀rẹ́ òyìnbó kan tí a jọ ń wo bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ó ní àwọn ọmọ yẹn ya aláìmoore. Mo ní orin tó bú bàbá bàbá wọn ni. A ò jọ jókòó mọ́.

TÍṢÀ: Ó ṣe mí láàánú. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí mo gbọ́ nínú ìtàn rẹ. Àwọn ọmọ yẹn sọ ti ẹnu wọn. Wọ́n kọ ọ́ síwèé. Àgbà lè jẹ wọ́n níyà, ṣùgbọ́n kò lè ní òun ò mọ èrò wọn. Nílẹ̀ yìí, láti 2011 dé 2020, a yí orúkọ, a yí aṣọ, a yí kíláàsì, a sì tún yí gbogbo rẹ̀ padà; n kò rí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni wá sí kíláàsì mi wá bi ọmọ léèrè.

ARÁ HOUSTON: Kí ni sísọ̀rọ̀ ṣe fún àwọn ti Texas, Tíṣà? Orin ṣì ń dún. Owó ló fún ọmọ lẹ́nu ọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ rántí Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó, tó ń gba bọ́ọ̀lù ọwọ́ ní Muslim Teachers' College. Ó lọ sí Yunifásítì Houston ní 1980, ó gbé wọn dé àṣekágbá básíkẹ́ẹ̀tì ní 1983 àti 1984. Gbọ̀ngàn ń kún, tẹlifíṣọ̀n ń pawó, òfin sì ní owó ilé-ìwé, ìwé, oúnjẹ àti ibùsùn nìkan ni kó gbà. Láti oṣù Keje 2021 ni akẹ́kọ̀ọ́ ti lè fi orúkọ ara rẹ̀ pawó. Lóṣù Kẹfà 2025, adájọ́ fọwọ́ sí i pé kí yunifásítì fúnra rẹ̀ máa san owó fún wọn, ó lè tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ́dún àkọ́kọ́ fún yunifásítì kan. Ọmọ tó ń gbowó, wọ́n á gbọ́ tirẹ̀.

TÍṢÀ: Ọmọ tó bá sì ń gbowó, kì í pẹ́ lọ síbi tí owó ti pọ̀ jù.

ARÁ HOUSTON: Òótọ́ ni. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ọmọ kan, lọ́dún tó ń bọ̀ ó ti wọ aṣọ ẹlòmíràn. Àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ ń bínú sí i. Èmi ò bá wọn bínú. Kóòṣì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, wọ́n ń pè é ní ìgbéga.

TÍṢÀ: Àwọn ọmọ tiwa tó lọ síbẹ̀ ńkọ́?

ARÁ HOUSTON: Ẹni tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, òfin ìwọ̀lú kò jẹ́ kó rọrùn fún un láti gbowó yẹn. Ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ ibẹ̀ lè jọ wà nínú ikọ̀ kan, kí ọ̀kan máa kó owó, kí èkejì máa wò ó.

TÍṢÀ: Ibi tó ti ń dùn mí nìyẹn. Èrò máa ń pọ̀ lẹ́yìn ọmọ lórí pápá, wọn kì í sí lẹ́yìn rẹ̀ bó bá kúrò níbẹ̀. Ṣé o rántí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní 2022? Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ló parí. Oṣù Kẹta ọdún yẹn gan-an ni UNILAG gba àlejò eré NUGA, eré àwọn yunifásítì tó ti wà láti 1966 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní Ìbàdàn. Kíláàsì wà ní títì, pápá wà ní ṣíṣí. Àwọn ọmọ sáré, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ, a pàtẹ́wọ́, wọ́n sì padà sílé lọ jókòó di oṣù Kẹwàá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a pàtẹ́wọ́ kò béèrè ìgbà tí wọ́n máa ṣe ìdánwò.

ARÁ HOUSTON: Èwo ni ká wá ṣe báyìí? Ìdí tí mo fi wá gan-an nìyí. Mo kó jẹ́sì wá, ti ọkùnrin àti ti obìnrin, àti bọ́ọ̀lù tuntun. Nọ́ńbà ló kù láti tẹ̀ sí i, àti àwọ̀n fún gólí. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ní òun á san gbogbo rẹ̀, òun á sì gé koríko pápá, bí a bá tẹ àwòrán olóṣèlú kan sáyà jẹ́sì náà.

TÍṢÀ: Rárá.

ARÁ HOUSTON: Tíṣà, ẹ gbọ́ mi ná. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà. Àwòrán kò pa ẹnikẹ́ni.

TÍṢÀ: Má sọ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè yìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì 2025, ìjà lórí ẹni tó máa jókòó ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ dé Ìkirè. Wọ́n pa Rẹ̀mí Abass, alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìrewọlé. Láti ibi tí a jókòó sí yìí, Ìkirè kò jìnnà. Ọmọ tó wọ jẹ́sì yẹn kúrò lórí pápá, tó gba ọ̀nà ọjà kọjá lọ sílé, ta ni yóò ṣàlàyé fún àwọn tọ́ọ̀gì pé bọ́ọ̀lù ló ti ń bọ̀? INEC ti fi ìdìbò gómìnà sí oṣù Kẹjọ 2026. Ìwọ á ti padà sí Houston nígbà náà. Ọmọ yẹn ṣì wà níbí.

ARÁ HOUSTON: N kò rò ó débẹ̀.

TÍṢÀ: Ìwọ gan-an lo sọ ti àwọn olówó Texas. Ẹni tó bá san owó gbogbo jẹ́sì lónìí, òun ni yóò sọ orin tí wọ́n máa kọ lọ́la.

ARÁ HOUSTON: Ó dáa. Màá san ti nọ́ńbà fúnra mi, a óò dá owó àwọ̀n láàárín ara wa. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan: ẹ fi sùúrù gbà pé orúkọ ilé-ìwé wa ṣe pàtàkì sí mi. N kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Bí gómìnà mìíràn bá tún fẹ́ yí i padà lọ́la, màá kọ̀wé, màá pariwo.

TÍṢÀ: Pariwo, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Èmi lè má bá ọ pariwo, torí ohun tó ká mi lára jù ni wákàtí eré tó ti lọ. Lẹ́sìn WAEC ti gba ìrọ̀lẹ́, lẹ́sìn JAMB gba Sátidé. Intaháòsì tó jẹ́ ọdọọdún nígbà tìrẹ, ó lè kọjá ọdún méjì kí a tó rí i. Pápá tí kò bá sí ọmọ lórí rẹ̀, ẹnì kan á fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó lè jẹ́ pé ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí èmi fẹ́, tàbí èyí tí ìwọ fẹ́. Kí a gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

ARÁ HOUSTON: Ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ti Sátidé yìí ńkọ́?

TÍṢÀ: Ibẹ̀ ni mo ń lọ. Bá mi kọ̀wé sí gbogbo wọn lálẹ́ òní, títí kan àwọn méjì tí kò bára wọn sọ̀rọ̀. Sọ pé balógun ikọ̀ ọkùnrin àti balógun ikọ̀ obìnrin ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí àgbà kankan tó la ẹnu. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ lórí aṣọ, lórí orúkọ, lórí wákàtí eré àti lórí pápá, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má dé fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú wá. Bá mi sọ fún àwọn tó jáde ní ilé-ìwé mìíràn, ní Àpòmù, ní Ìkirè, ní Gbọ̀ngán, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ náà kí oṣù Kẹjọ tó dé.